Ọta Wo Ni Ó Yẹ Ẹran Wo? Ọ̀rọ̀ Ìmọ̀ràn fún Àwọn Ọdẹ Alímọ̀ṣọ́

Àwọn àgbà a máa wí pé, bí a bá ní kí a bẹ́ igi, a ó bẹ́ ènìyàn. Kò sí ẹni tí òwe yìí bá mu tó ọdẹ tí ó gbé ìbọn lé èjìká. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ọ̀ràn ọta ìbọn ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí: irú ọta tí ó yẹ kí ọdẹ kì sínú ìbọn rẹ̀, ẹran tí ó yẹ kí ó yìn ín sí, àti ilẹ̀ tí ó yẹ kí ó ti yìn ín. Kì í ṣe ọdẹ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ó kan oníṣòwò tí ń ta ẹran ìgbẹ́, ó kan ìyá tí ń sè é fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì kan olúkúlùkù ẹni tí ó kọ́ ilé sí Ìkòtún, sí Ẹgbẹ́dá tàbí sí Ìgándò, tí ó ń fẹ́ kí òun àti àwọn ará ilé òun sùn kí wọ́n sì jí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ọta tí ó bá tóbi jù lọ ni ó dára jù lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ ra ọta, èyí tí ó wúwo jù ni wọn yóò béèrè, wọn a sì máa yangàn pé erin pàápàá kò lè dúró níwájú rẹ̀. Àwa kò bá wọn gbà bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ọdẹ bi ara rẹ̀ kí ó tó na owó: Báwo ni ẹran náà ti tóbi tó? Irú ìbọn wo ni ó wà lọ́wọ́ mi? Kí ni ó wà lẹ́yìn ẹran náà, bí ọta bá tàsé? Ìbéèrè kẹta yìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé jù, òun gan-an sì ni ó wúwo jù ní Alímọ̀ṣọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òkè òkun, kí a rí bí àwọn ẹlòmíràn ti ń rò ó. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹranko kan wà tí wọ́n ń pè ní cougar, tí àwọn mìíràn ń pè ní puma. Ìdílé ológbò kan náà ni òun àti ẹkùn wa ti wá, ṣùgbọ́n ara tirẹ̀ kò ní àmì tótòtó. Akọ rẹ̀ tí ó dàgbà lè wọn 70 kílò, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ọdẹ ibẹ̀ ti ń jiyàn lórí ọta ráífù tí ó yẹ fún un. Àwọn kan ní àfi ọta ńlá. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú gbà pé ọta.30-30, èyí tí wọ́n ti ń tà láti ọdún 1895, tó fún un, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọta tí ó lágbára púpọ̀ láàrin àwọn ọta ráífù. Ìdí rẹ̀ ni èyí: ajá ni wọ́n fi ń lé ẹranko náà títí yóò fi gun orí igi, ọdẹ yóò sì wá dúró nítòsí ìdí igi náà. Ẹran tí kò jìnnà, tí ó sì dúró jẹ́ẹ́, kò béèrè ọta ńlá. Ọwọ́ tí kò gbọ̀n ni ó ń béèrè. Ẹ̀kọ́ kìíní nìyí: ibi tí ọta bà lára ẹran ṣe pàtàkì ju bí ọta náà ti tóbi lọ.

Nílẹ̀ tiwa, ẹkùn ni ó sún mọ́ ẹranko yẹn jù. Ẹkùn kì í ṣe ẹran wíwúwo bí ẹfọ̀n; ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wúwo ju ènìyàn lọ. Ohun tí ó mú kí ọdẹ bẹ̀rù rẹ̀ ni pé, bí ọta bá bà á tí kò pa á, kì í sá lọ jìnnà. Inú igbó dídí ni yóò ba sí, yóò dúró de ẹni tí ń tọ ipa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, yóò sì fò mọ́ ọn láti ibi tí kò ju ìgbésẹ̀ díẹ̀ lọ. Nítorí èyí ni orúkọ ọdẹ tí ó bá pa ẹkùn fi ń kàn ní ayé àtijọ́, tí wọ́n sì ń gbé awọ rẹ̀ lọ fún ọba ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú Yorùbá.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe béèrè lọ́wọ́ wa irú ọta tí ó yẹ ẹkùn lónìí. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1985 lórí àwọn ẹranko tí ìran wọn fẹ́ run ti ka pípa ẹkùn àti títa awọ rẹ̀ léèwọ̀ pátápátá. Bákan náà ni akika, tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ti fòfin de gbígbé e tà láti ilẹ̀ kan sí èkejì láti ọdún 2017. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, àwọn ará ìlú fúnra wọn ni ó dìbò ní ọdún 1990 pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi cougar ṣe ẹran ìdọdẹ mọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà dá ẹ̀ṣọ́ ààbò sílẹ̀ ní Ìbàdàn, Àmọ̀tẹ́kùn ni wọ́n sọ ọ́. Ìran ènìyàn tí ó ń fi orúkọ ẹranko ṣe ìwúrí, kò yẹ kí ó pa ẹranko náà tán. Ọta tí ó yẹ ẹkùn ni èyí tí ọdẹ kò yọ kúrò nínú àpò.

Ó wá ku àwọn ẹran tí ọdẹ ń pa fún jíjẹ àti fún títà. Kí a tó mẹ́nu ba ọta wọn, ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ ìbọn díẹ̀. Ìbọn tí ó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ọdẹ wa ni ṣakabùlà, tí à ń ti ẹnu rẹ̀ ki ẹ̀tù àti ọta. Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ èyí tí ó dára jù ú lọ. Ní ọdún 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù péjọ ní Brussels, wọ́n sì fi ọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n má ṣe kó ìbọn ìgbàlódé wọ apá tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Áfíríkà. Ìbọn olókùúta-iná tí ojú rẹ̀ dán ni wọ́n gbà kí a máa tà fún wa. Èyí wà lára ohun tí ó mú kí ṣakabùlà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wa. Lẹ́yìn náà ni ìbọn tí à ń ṣẹ́ láàrin wọlé, ẹlẹ́nu kan àti ẹlẹ́nu méjì, tí ń lo ọta tí a ti dì sínú páálí tàbí ike, èyí tí a mọ̀ sí kátíríìjì.

Ọ̀pọ̀ tí ń lo ìbọn nọ́ńbà 12 kò mọ ohun tí nọ́ńbà náà túmọ̀ sí. Bí a bá yọ́ òjé tí ó wọn pọ́ùn kan, tí a sì fi ṣe ọta róbótó méjìlá tí ó dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò wọ ẹnu ìbọn náà rẹ́gí. Bí ó bá jẹ́ ogún ọta ni a fi pọ́ùn kan náà ṣe, ìbọn nọ́ńbà 20 ni wọn yóò wọ̀. Nítorí náà, bí nọ́ńbà bá ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ìbọn ń kéré sí i.

Níti ọta wẹ́wẹ́ tí ó wà nínú kátíríìjì, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi nọ́ńbà tàbí lẹ́tà pe ìwọ̀n wọn. Nọ́ńbà 6 kéré púpọ̀: 270 ni ó wà nínú òjé áúnsì kan, èyí tí í ṣe gíráàmù 28. Nọ́ńbà 4 jẹ́ 170 nínú áúnsì kan, BB jẹ́ 70, AAA jẹ́ 35, SSG jẹ́ 15, LG sì jẹ́ ẹyọ 6 péré. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ ó rí i pé ọgbọ́n ìṣirò ni ó wà níbẹ̀: òjé kan náà ni, bí ẹ bá fẹ́ kí ẹyọ tóbi, iye rẹ̀ yóò dínkù. Ọdẹ tí ó ra LG lérò pé òun ra agbára. Kò mọ̀ pé òun ta ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹyọ tí ìbá bá ẹran. Ní 40 ìgbésẹ̀, àlàfo tí ó wà láàrin ẹyọ mẹ́fà náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí odindi ọ̀yà lè gba àárín rẹ̀ kọjá láìfara pa; tàbí kí ẹyọ kan ṣoṣo bà á ní itan, kí ó sì lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i. Èyí kì í ṣe ọdẹ ṣíṣe, ìfiṣòfò àti ìwà ìkà ni.

Ìmọ̀ràn wa ni èyí. Fún àparò, ẹtù àti òkété, nọ́ńbà 5 tàbí 6 tó. Fún ehoro àti ọ̀yà, tí kì í sábà ju kílò mẹ́fà tàbí méje lọ, nọ́ńbà 4 ni ó yẹ. Bí koríko bá dí, a lè lo BB. Fún ẹtu, tí ó wọn bí kílò mẹ́jọ sí mẹ́wàá, BB tàbí AAA ni. SSG àti LG, ìgalà àti túùkú ni ó yẹ, inú ẹgàn tí ó jìnnà sí ilé ni a sì ti gbọ́dọ̀ lò wọ́n, kí ẹran náà má sì ju 30 ìgbésẹ̀ lọ sí ọdẹ. Ẹni tí kò bá lè sún mọ́ ẹran tó bẹ́ẹ̀, kí ó jẹ́ kí ẹran náà lọ. Ọ̀la ń bọ̀.

Ìbéèrè kejì ni ti ìbọn fúnra rẹ̀, nítorí pé ọta tí kò bá ìbọn mu lè pa ẹni tí ó yìn ín. Ẹ má ṣe tú ẹ̀tù inú kátíríìjì dà sínú ṣakabùlà láéláé. Ẹ̀tù dúdú ni a ṣe ṣakabùlà fún. Ẹ̀tù tí kò ní èéfín, tí ó wà nínú kátíríìjì, lágbára jù ú lọ jìnnà, yóò sì fọ́ ọ̀pá ìbọn náà mọ́ ọdẹ lójú. Ewu yìí tilẹ̀ pọ̀ sí i fún ìbọn tí alágbẹ̀dẹ fi ọ̀pá omi ṣe. Ẹ tún kíyèsí èyí: kátíríìjì nọ́ńbà 20 lè yọ́ wọ inú ìbọn nọ́ńbà 12, kí ó sì há sí àárín ọ̀pá rẹ̀. Bí ọdẹ kò bá mọ̀, tí ó sì fi nọ́ńbà 12 tẹ̀ lé e, ìbọn náà yóò bẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe é fi ń kun nọ́ńbà 20 ní àwọ̀ ìyeyè, kí ojú lè tètè dá a mọ̀. Bákan náà ni gígùn: ọ̀pọ̀ ìbọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ jẹ́ ti kátíríìjì onímilimítà 65, kí a má ṣe ki ti 70 tàbí 76 sínú wọn. A kọ iye náà sára ọ̀pá ìbọn. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí ó bẹ ẹni tí ó mọ̀wé kí ó bá òun kà á. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Nísisìyí a dé ibi ìbéèrè kẹta, tí a ní ó wúwo jù. Ọ̀gágun Faransé kan tí à ń pè ní Journée fi ìlànà kan sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè fi orí rò. Wọn ìbú ẹyọ ọta kan ní milimítà, sọ ọ́ di ìlọ́po 80, ohun tí o bá rí ni iye mítà tí ọta náà lè lọ kí ó tó bọ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà 6 jẹ́ milimítà 2.6, yóò lọ bí 200 mítà. AAA jẹ́ 5.2, yóò kọjá 400 mítà. SSG jẹ́ 6.8, yóò kọjá 500. LG jẹ́ 9.1, yóò kọjá 700 mítà. Ti ráífù kọjá ìlànà yìí: ọta .22 kékeré, tí àwọn ènìyàn fi ń ṣeré, lè lọ ju máìlì kan lọ, ti ráífù ńlá sì lè ju máìlì méjì lọ. Ẹni tí ó bá gbé ẹnu ráífù ńlá sókè ní Ìkòtún, kí ó mọ̀ pé ọta náà lè bọ́ sórí òrùlé ní Ìgándò.

Àwọn Àwórì ni ó tẹ àwọn ìlú wọ̀nyí dó, oko àti igbó ni ó sì yí wọn ká nígbà náà. Ọdẹ tí ó bá tàsé ẹran, igi ni ọta rẹ̀ ń bá. Ṣùgbọ́n ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, lórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ bí kìlómítà 185 níbùú lóròó. Bí a bá pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 70 ènìyàn lórí ilẹ̀ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 100 mítà tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 100 mítà. Ẹ jẹ́ kí a wá fi èyí ka ọta LG. Bí ọdẹ bá dúró ní àárín ìlú tí ó sì yìn ín, ènìyàn tí ń gbé láàrin ibi tí ọta náà lè dé lọ́tùn-ún lósì, níwájú lẹ́yìn, ju 11,000 lọ. Fún nọ́ńbà 6, wọn kò tó 1,000. Ṣùgbọ́n nínú wọn, ta ni yóò fẹ́ kí ojú ọmọ tirẹ̀ jẹ́ ibi tí ẹyọ òjé bọ́ sí?

Bí àkúrọ̀ kan tàbí pápá kan bá sì kù tí ọ̀yà ń sá pamọ́ sí, ilé ni ó yí i ká. Nítorí náà ìdáhùn wa kò ní awúyewúye: láàrin ìlú, kò sí ọta kankan tí ó yẹ, ì báà kéré bí eruku. Ajá, àwọ̀n àti tàkúté ni kí ẹni tí ó fẹ́ ọ̀yà lò. Tàbí kí ó tilẹ̀ sìn ín. Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn aládùúgbò wa ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti ń fi ọ̀yà ṣe ohun ọ̀sìn nínú ilé. Àwọn kan ń ṣe é ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Ọ̀yà inú àgò kò béèrè ẹ̀tù.

A kò lè parí ọ̀rọ̀ yìí kí a má kan àwọn ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ àdúgbò lóru, àti àwọn ọdẹ tí ń yìnbọn níbi ìnáwó. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 ṣì wà. Kò fi àyè gba ẹnikẹ́ni láti ní ìbọn láìgba àṣẹ, ì báà ṣe ṣakabùlà pàápàá. Kò gba kí a fún ẹni tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún ní àṣẹ náà, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí ọ̀mùtí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọlọ́dẹ sí àdúgbò tàbí sí ọjà, ẹ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀ kí ẹ tó san owó fún un. Níbi ìsìnkú ọdẹ, nígbà tí a bá ń sun ìrèmọ̀jé tí ìbọn sì ń dún, kí olórí ọdẹ rí i fúnra rẹ̀ pé kò sí òjé nínú ìbọn kankan, kí gbogbo ẹnu ìbọn sì kọjú sókè. Àkísà tí a fi dí ẹ̀tù nìkan tó láti pa ẹni tí ó dúró nítòsí.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn ìyá àti àwọn tí ń ta ẹran. Májèlé ni òjé. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ni ó kú nítorí òjé tí ó wà nínú erùpẹ̀ wúrà tí àwọn òbí wọn ń lọ̀ nílé. Ti inú ẹran kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni. Ilẹ̀ Denmark ti fòfin de ọta òjé láti ọdún 1996. Nítorí náà, kí a gé ẹran tí ó yí ojú ọgbẹ́ ọta ká dànù kí a tó sè é, kí a má sì fi irú rẹ̀ fún aboyún àti ọmọ kékeré. Èyí pàápàá jẹ́ ìdí mìíràn tí ọdẹ fi gbọ́dọ̀ yan ọta dáadáa, kí ẹyọ díẹ̀ tí ó bà lójú ibi tí ó yẹ lè ṣe iṣẹ́ náà.

Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. A mọ ìyà tí àwọn ọdẹ wa ń jẹ, a sì bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a ń sọ nípa ohùn, pé ẹyin ni, bí ó bá bọ́ kò ṣeé kó mọ́, ọta gan-an ni ó bá mu jù. Ẹ wo ẹran, ẹ wo ìbọn, ẹ sì wo ẹ̀yìn ẹran. Bí ilé bá wà níbẹ̀, bí ọ̀nà bá wà níbẹ̀, tàbí bí òkùnkùn bá ṣú tí ẹ kò mọ ohun tí ó wà níbẹ̀, ẹ sọ ìbọn kalẹ̀. Ẹran tí ó lọ lónìí, a lè rí òmíràn lọ́la. Ṣùgbọ́n ọmọ ènìyàn tí ọta bá, kò sí ọjà tí a ti í ra òmíràn.